Ikú Ọmọdé àti Ohun Tí À Ń Pè Ní Àmúwá Ọlọ́run

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó tètè ń bọ́ sí ẹnu àwa ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, nígbà tí a bá wọ ilé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí a bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní, tí àwọn obìnrin ilé yí i ká tí wọn kò jẹ́ kí ó dá wà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tó ọ̀rọ̀ yìí: pé àmúwá Ọlọ́run ni. Mùsùlùmí ń sọ ọ́, onígbàgbọ́ ń sọ ọ́, ẹni tí ń bọ Ifá náà ń sọ ọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀ nígbà tí ó bá ní àyànmọ́ kò gbóògùn. A ó tún fi kún un pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Èmi kò sì mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yẹ obìnrin tí omi ọmú rẹ̀ ṣì ń rin aṣọ nígbà tí ẹnu tí ó yẹ kí ó mu ún ti pa dé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń bá jiyàn, kì í sì í ṣe ẹni tí a ń wádìí ọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí a ń dì mú ni, kí ó má baà ṣubú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà yìí ní àga kejì tí ó máa ń jókòó lé. Nígbà tí ẹkún bá rọlẹ̀, tí wọ́n ti sin ọmọ tán, tí àwọn àgbà ilé péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹnìkan sì ṣèèṣì béèrè ohun tí ó ṣe ọmọ náà gan-an, ẹni tí ó dàgbà jù láàrin wọn a mi orí, a ní àmúwá Ọlọ́run ni, gbogbo wọn a sì dìde gbọn ẹ̀wù wọn. Níhìn-ín ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìtùnú mọ́, ìdájọ́ ni. Odò tí màlúù ń yàgbẹ́ sí, tí wọ́n sì ń pọn nínú rẹ̀ fún ọmọ mu, kò ní jẹ́jọ́. Ọ̀nà tí mọ́tò kò lè gbà dé ilé ìwòsàn kò ní jẹ́jọ́. Àgbo tí wọ́n fi tipátipá rọ sí ọmọ lọ́fun kò ní jẹ́jọ́. Owó tí ó wà nínú àpótí bàbá àgbà, ní òru tí wọ́n ń wá owó ọkọ̀ káàkiri àdúgbò, kò ní jẹ́jọ́. Ọlọ́run nìkan ni yóò jẹ́jọ́, nítorí Òun nìkan ni kò ní yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti sọ tẹnu Rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: ṣé ẹ̀rí kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, ẹni tí ń tu ìyá nínú àti ẹni tí ń pa ẹjọ́ rẹ́? Èrò tèmi ni pé wọn kì í ṣe ọ̀kan, bí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tilẹ̀ bára mu délẹ̀. Àti pé kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ká ohun tí ì bá gba ọmọ là, tí kò sì na ọwọ́ náà, tún wá gbé òkú ọmọ náà lé Ẹlẹ́dàá lórí, ó burú ju àìgbàgbọ́ lọ.

Àwọn kan yóò ní mo fẹ́ fi ọgbọ́n ìwé da ìgbàgbọ́ àwọn baba wa rú. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn baba wa wí nípa orí nígbà náà. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti babaláwo rí yóò ti gbọ́ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ń ti ìkọ̀lé ọ̀run bọ̀ wá sí ìkọ̀lé ayé, Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí wọ́n ń lọ yan orí ní ilé Àjàlá alámọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ tààrà, wọ́n mú orí tí ó dára lójú ṣùgbọ́n tí kò jinná nínú iná, òjò sì pa á lọ́nà títí ó fi ṣá. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sí ilé baba rẹ̀, baba rẹ̀ dá Ifá fún un, ó rú ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, ohun ẹbọ náà ni ó sì ràn án lọ́wọ́ tí ó fi mọ orí rere yàtọ̀ sí èyí tí ó ti là. Gbogbo wa la máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni pé orí ni gbogbo nǹkan. Èmi a máa rí ohun mìíràn nínú rẹ̀: pé ní ìdí orí rere tí Afùwàpẹ́ yàn, ọwọ́ baba kan wà níbẹ̀ tí ó jókòó ronú nítorí ọmọ rẹ̀ kí ọmọ náà tó dé ayé. Àkúnlẹ̀yàn fúnra rẹ̀, àgbà kan ti dá sí i. Bí ó bá wá jẹ́ pé àwọn baba wa gbà pé ọwọ́ àgbà lè dé ilé Àjàlá, báwo ni a ṣe wá ń fi orúkọ wọn wí pé ọwọ́ àgbà kò lè dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ tí ibà mú?

Ẹni tí ń pariwo pé àyànmọ́ kò gbóògùn pàápàá, ẹ wò ó ní ọjọ́ tí ara ọmọ tirẹ̀ bá gbóná. Òun ni yóò kọ́kọ́ wọ igbó lọ já ewé.

Kò sí ibi tí ọ̀ràn yìí ti takókó ju ọ̀ràn àbíkú lọ. Obìnrin bí ọmọ, ọmọ kú. Ó tún bí, ó tún kú. Nígbà tí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọn kì í sọ ọ́ lórúkọ bí wọ́n ti ń sọ ọmọ mìíràn mọ́. Málọmọ́ ni yóò jẹ́, tàbí Dúrójayé, tàbí Bánjókòó, tàbí Dúrósinmí, tàbí Kòsọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣẹ̀rù bà á pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ín mọ́. Wọn a sín gbẹ́rẹ́ fún un, wọn a so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọn a máa kẹ́ ẹ, wọn a máa bẹ̀ ẹ́. Àbíkú sọ olóògùn dèké, ni àwọn àgbà wí, nítorí pé gbogbo oògùn ni wọ́n ti ṣe. Èmi kì í fi èyí rẹ́rìn-ín, n kò sì fẹ́ràn àwọn tí ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá sin ọmọ mẹ́ta rí, kí ó fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lórí orúkọ tí abiyamọ sọ ẹ̀kẹrin. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a kíyè sí: ta ni wọ́n ń bẹ̀? Ọmọ náà ni. Nínú gbogbo agbo ilé, láti orí baálé títí dé orí àlejò, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ ni gbogbo wọn kúnlẹ̀ fún, tí wọ́n ní kí ó jọ̀wọ́, kí ó dúró.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn kan, kí a fojú tó o dáadáa. Ní ọ̀gànjọ́ òru, ibà mú ọmọ ọdún méjì kan. Ara rẹ̀ ń jó, lójijì ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ pa dé, tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Gìrì ti dé. Ilé dàrú. Ẹnìkan sáré gbé ìgò àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti ewé mìíràn rẹ sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn fi ṣíbí la eyín ọmọ kí àgbo lè ráyè wọlé. Ẹ̀kẹta gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná kí ó lè mọ ìrora, kí ó sì jí. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí òṣìkà kan nínú yàrá náà. Ṣùgbọ́n gìrì tí ara gbígbóná fà sábà máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, bí a bá tẹ́ ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí a kò fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, tí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè wo ibà tí ó fà á. Àgbo yẹn ní tirẹ̀ a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ọmọ tí ì bá jí a sì wọ inú oorun tí a kò lè jí i nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí iná bà a sì máa jẹrà, àwọn ọmọdé kan wà láàrin wa tí wọ́n pàdánù ọmọ-ìka ẹsẹ̀ wọn lọ́nà yìí. Láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ni àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Ìbàdàn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àkùkọ bá kọ tí ọmọ náà sì ti lọ, àmúwá Ọlọ́run náà ni a ó wí. Ibà ni Ọlọ́run mú wá, bí a bá fẹ́ wí bẹ́ẹ̀. Ta ni ó mú ìtọ̀ màlúù wá?

Bákan náà ni ti kánfọ̀ tí à ń dà sáàrin aṣọ ọmọ tuntun kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ kan wà, wọn kò sì kéré láàrin wa, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba òórùn rẹ̀ rárá, tí ojú wọn yóò pọ́n bí ẹni pé a fi osùn kùn ún, tí pípọ́n náà yóò sì wọ inú ọpọlọ lọ bí a kò bá tètè gbé wọn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Mo fẹ́ràn láti máa ronú lórí ọ̀ràn ikú ọmọdé yìí pẹ̀lú ìlú Iléṣà lọ́kàn, nítorí pé níbẹ̀ ni ìdáhùn méjì sí i ti gbé ara wọn pàdé. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ní Òkè-Ooyè, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà kí ìpè tó dé bá a. Wọ́n ní òkú ọmọ kan jí níbẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn kálẹ̀ Yorùbá. Tọmọdé tàgbà ń wọ́ wá pẹ̀lú ìkòkò omi lọ́wọ́ kí ó lè gbàdúrà sí i, àwọn mìíràn kó ìfúnpá àti oògùn wọn síta, wọ́n dáná sun ún. Nínú ìlú kan náà, ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìsọjí tó dé, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní gẹ́gẹ́ bí apá kan ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀tá ni àwọn méjèèjì. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wọ ilé tí òkú ọmọ wà, tí ó kúnlẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, kò gbà pé ẹjọ́ ti parí. Wòlíì náà kò wí pé àmúwá Ọlọ́run ni kí ó sì gbọn ẹ̀wù rẹ̀ dìde. Ohun tí mo ní sí àwọn kan nínú àwọn tí ó rìn ní ọ̀nà ìgbàgbọ́ yìí ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn àdúrà sílẹ̀ gbayawu, wọ́n lọ ti ilẹ̀kùn oògùn pa, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí àpò Ọlọ́run.

Ní ọdún 1956 ni oníṣègùn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Iléṣà náà. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ohun tí gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ní irú ibẹ̀ máa ń rí: ọmọ tí ara rẹ̀ yá lónìí, tí wọ́n gbé lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀, tí wọ́n tún gbé padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pẹ̀lú àìsàn mìíràn, títí di ọjọ́ tí wọn kò gbé e wá mọ́. Ó bá fi ibùsùn sílẹ̀, ó wá ìloro lọ. Ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ ìtàn, nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, lẹ́yìn tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pa ọmọ ara wọn lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn nínú ogun Kírìjì. Àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́, ogun mìíràn ṣì ń jà níbẹ̀, ogun tí kò ní ìró: ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà, ibà, ikọ́ líle, èéyi, àti ebi tí kì í ṣe àìyó ṣùgbọ́n àìjẹ ohun tí ń mú ara dàgbà. Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí ó bá a ṣiṣẹ́ mú àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà ìbí wọn, wọ́n sì ń tẹ̀lé wọn títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún.

Ohun èlò tí iṣẹ́ yẹn bí kò ju káàdì kan lọ. A fa ilà méjì sí i tí ń gòkè láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní oṣooṣù, ìyá á gbé ọmọ rẹ̀ wá, wọn á gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n, yóò máa ta ẹsẹ̀, yóò máa ké, nọ́ọ̀sì á wo iye tí ó wọ̀n, á sì fi bírò tọ́ àmì kékeré kan sí ibi tí oṣù àti ìwọ̀n rẹ̀ ti pàdé. Bí àwọn àmì náà bá ń gòkè bá ilà méjèèjì lọ, ọmọ ń dàgbà. Bí wọ́n bá tẹ́jú fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nǹkan ti ṣẹlẹ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń ṣeré lọ́wọ́, bí irun rẹ̀ kò tilẹ̀ tí ì pọ́n, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ tí ì wú. Ìyá nìkan kọ́ ni káàdì náà ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ó sì ń sọ ọ́ nígbà tí àkókò ṣì wà láti tún ẹ̀kọ ọmọ ṣe, kí a fi ẹ̀wà àti ẹyin kún un. Wọn kì í sì í fi í sínú fáìlì ilé ìwòsàn. Ìyá ni wọ́n ń fi í fún, nínú àpò ọ̀rá, kí ó gbé e lọ sílé. Àwọn tí ó rò pé obìnrin tí kò kàwé yóò sọ ọ́ nù láàrin ọ̀sẹ̀ méjì wá rí i pé àwọn ìyá ń tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí ó ni ín. Káàdì yìí àti ilé ìtọ́jú àwọn tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ti Ìmẹ̀sí-Ilé ti di ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Káàdì àjẹsára tí ó wà nínú àpò ìyá ọmọ lónìí, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni.

Apá kan wà lára káàdì náà tí ó jọ mí lójú ju gbogbo ìyókù lọ. Àyè kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fún ọmọ kan ní àfiyèsí ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: bí ó bá jẹ́ ìbejì, bí ó bá kéré jù nígbà tí a bí i, bí ìyá rẹ̀ bá ti kú, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún èyí tí ó kẹ́yìn yẹn kà. Ọmọ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú: ṣé kì í ṣe Málọmọ́ nìyẹn? Ohun tí àwọn baba wa fi orúkọ, gbẹ́rẹ́ àti ṣaworo ṣe, pé kí wọ́n fi àmì sí ọmọ tí ikú ń dẹ, náà ni káàdì yìí ṣe. Àwọn baba wa kò ṣìnà nípa ẹni tí ewu wà lórí rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n sì mọ̀ nípa ìbejì pẹ̀lú, nítorí pé kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ni ère ìbejì tí à ń gbẹ́ ní ilẹ̀ tí a ti ń bí ìbejì tó báyìí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà. Àmì ti àtijọ́ ń bẹ ọmọ pé kí ó má lọ; àmì tí ó wà lórí káàdì ń pàṣẹ fún àgbà pé kí ó má sùn.

Lójú tèmi, ìyípadà yẹn kì í ṣe ti ìṣègùn nìkan, ti ẹ̀sìn ni pẹ̀lú. Ó gbé ẹ̀bẹ̀ kúrò níwájú ẹni tí kò lè dáhùn, ó sì gbé e ka iwájú ẹni tí ó lè dáhùn. Kò sì sí ibì kan nínú rẹ̀ tí ó ti sọ pé Ọlọ́run kò sí.

Àwọn Mùsùlùmí inú wa ní ẹlẹ́rìí ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Umar ọmọ Khattab, khálífà kejì, ń rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí wọ́n sì sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀, ó pàṣẹ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ yí padà. Abu Ubayda, tí òun náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ nínú ẹ̀sìn, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́run ni ó ń sá fún. Umar kò sẹ́ kádàrá. Ohun tí ó fi dá a lóhùn ni pé inú kádàrá Ọlọ́run kan ni òun ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run mìíràn, ó sì bi í pé bí ó bá ní ràkúnmí tí ó wà ní àfonífojì tí apá kan rẹ̀ ní koríko tí apá kejì sì gbẹ, ǹjẹ́ ibi yòówù tí ó bá dà wọ́n sí kì í ṣe ti Ọlọ́run náà ni? Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí, n kò tún rí àlùfáà tí ó lè fi kádàrá dí ẹnu mi nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ibà jẹ́ kádàrá. Àwọ̀n ẹ̀fọn náà jẹ́ kádàrá. Èéyi jẹ́ kádàrá. Àjẹsára rẹ̀, tí oníṣègùn Samuel Katz àti Morley dán wò lára àwọn ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, kádàrá ni òun náà.

Bí ẹnìkan bá sì ń bẹ̀rù pé bí a bá lé àrùn, a ó lé Olódùmarè mọ́ ọn, kí ó rántí Olóde, tí a tún ń pè ní Ọbalúayé. Ìran tí ó bí wa kò jẹ́ dárúkọ ìgbóná tí òòrùn bá ti mú; wọ́n ní ọfà Ọbalúayé ni, ta sì ni yóò bá ọba jà? Ní ọdún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àrùn náà ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé. Ọbalúayé ṣì wà, àwọn olùsìn rẹ̀ ṣì ń bọ ọ́. Àwọn ọmọ nìkan ni kò kú mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ yà díẹ̀ níhìn-ín, nítorí mo mọ ibi tí àwọn kan yóò gbé ọ̀rọ̀ mi lọ. Bí a bá ní ikú ọmọ kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, kíá ni wọn yóò yí ojú sí ìyá: kí ló dé tí kò tètè gbé e wá? Kí ló dé tí kò se omi? Mo ti gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu àwọn tí ó wọ aṣọ funfun, níwájú obìnrin tí ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò sì sí ohun tí ó ń bí mi nínú tó o. Àwọn àgbà ní ẹnìkan ṣoṣo ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Bí ọmọ bá wá kú, ẹ má ṣe yọ igba kúrò níbẹ̀ kí ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 132 ni kì í pé ọdún márùn-ún, ikú náà sì pọ̀ ní ilé tálákà ju ilé olówó lọ fíìfíì. Bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó ń mú wọn lọ, a jẹ́ pé Ọlọ́run tí ń wo àpò baba kí ó tó yan ọmọ ni. Ẹni tí ó bá lè sin irú ọlọ́run bẹ́ẹ̀, kí ó máa sin ín lọ.

Ibi tí igba ènìyàn ti tún máa ń fara hàn ní òde òní ni wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ẹ lọ síbẹ̀ ní òru. Ìyá kan sùn sórí aṣọ tí ó tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin ibùsùn méjì. Òmíràn gbé ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ sáyà, nítorí pé ìyá ọmọ náà ti sáré lọ ra oògùn ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ọmọ tirẹ̀ yóò lọ sílé lọ́la, ń kó àṣẹ́kù mílíìkì àti ìtẹ̀dí rẹ̀ fún ẹni tí ó kù. Wọn kò mọ orúkọ ara wọn, Ìyá Lékan àti Ìyá Sàídátù ni wọ́n ń pera wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò béèrè ẹ̀sìn ara wọn kí wọ́n tó ṣe àmín sí àdúrà ara wọn. Nọ́ọ̀sì kan a máa yọ owó nínú àpò ara rẹ̀ ra abẹ́rẹ́; àwọn ẹgbẹ́ kan, ti ìjọ, ti mọ́ṣáláṣí, ti àwọn tí ó jọ kàwé, a máa dá owó jọ láti san gbèsè ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ti yá tí wọn kò sì jẹ́ kí ó máa lọ. Mo ka èyí sí ìsìn tòótọ́. Àwọn tí ń wá ní ọjọ́ Kérésìmesì nìkan, tí wọ́n gbé ìrẹsì àti kámẹ́rà dání, tí wọ́n to ara wọn yí ibùsùn ọmọ aláìsàn ká kí wọ́n lè ya fọ́tò, n kò ní kí wọ́n má wá. Kí wọ́n kàn fi kámẹ́rà sílé.

Òtítọ́ kan kù tí n kò gbọdọ̀ fò dá. Ikú kan wà tí gbogbo igba ọwọ́ yóò nà, tí wọn kò sì ní í ká a. Àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde, tí ó ṣeé ṣe kí ó ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú láyé àtijọ́, a lè yẹra fún un nípa pé kí ọkùnrin àti obìnrin yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó fẹ́ra. Bí ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS bá sì ti fẹ́ra, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu rẹ̀ lórí oyún kọ̀ọ̀kan. A lè fún ọmọ tí ó ní in ní oògùn tí ń lé ibà sẹ́yìn lójoojúmọ́, a lè kọ́ ìyá bí yóò ti mọ̀ pé ọlọ inú ọmọ ti wú. Síbẹ̀ ọmọ mìíràn yóò rí gbogbo èyí gbà, yóò sì lọ. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn baba wa di òtítọ́ pọ́nbélé, tí ẹni tí ó ti ṣe gbogbo ohun tí ó lè ṣe lè wí pé àmúwá Ọlọ́run ni, kí ahọ́n rẹ̀ má sì kọsẹ̀. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ yẹn. Olikoye Ransome-Kuti, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìṣègùn ọmọdé, tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti ọdún 1985 títí di 1992, lo ìgbà rẹ̀ láti gbé ìtọ́jú wá sí ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn, tí ó ń kọ́ àwọn ìyá bí a ti ń fi iyọ̀, ṣúgà àti omi tí ó mọ́ gba ẹ̀mí ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń fà gbẹ là. Lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí n sì dákẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn àlùfáà, àwọn pásítọ̀ àti àwọn babaláwo wa, tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè sí ilé ọ̀fọ̀, kò pọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú fún ìyá, kí wọ́n sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ní ọjọ́ kẹjọ, kí wọ́n padà wá, kí wọ́n fi ìyá náà sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, kí wọ́n pe baálé ilé, baálẹ̀ àti káńsílọ̀ àdúgbò jókòó, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí ó pa ọmọ náà, kí ẹnikẹ́ni má sì dìde títí wọn yóò fi dárúkọ rẹ̀.